Àwọn Ìwé Tí A Kì Í Bá Lórí Tábìlì

Orúkọ tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni ń pè é. Màmá Ẹ-Rọra ni tàgbà tèwe mọ̀ ọ́n sí. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń sáré lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé, "Ẹ rọra." Bí wẹ́dà bá fi ọwọ́ líle ṣí ìwé bí ẹni ń ṣí géètì, "Ẹ rọra." Wọ́n tiẹ̀ ní lọ́jọ́ kan tí òjò ń lu páànù ju bó ṣe yẹ lọ, ó gbójú sókè, ó sọ fún òjò náà. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà kò ní jiyàn.

Yàrá ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ ilé ìkàwé, ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá náà kò tóbi. Tábìlì gígùn méjì ló wà níbẹ̀, àga mẹ́rìnlá tí mẹ́ta nínú wọn ń mì, kọ̀ǹpútà méjì tí ọ̀kan máa ń ronú pẹ́ kó tó dáhùn, fáànù kan lókè, àti pẹpẹ ìwé lára ògiri mẹ́ta. Ìwé ibẹ̀ kì í ṣe ìwé àlọ́. Ìwé nípa bí a ṣe ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni, ìwé àdírẹ́sì àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ohun èlò, ìwé nípa bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí báńkì tí ọ̀gá báńkì yóò fi kà á dé ìparí. Fọ́ọ̀mù oríṣiríṣi wà nínú fáìlì, àpótí kan sì wà tó kún fún ohun tí Màmá gé láti inú ìwé ìròyìn. Àwọn ìwé yàrá yẹn kì í jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí kà wọ́n, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó ń wá kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Télọ̀ ń wá, pẹ̀lú òwú lára ṣẹ́ẹ̀tì. Káfíńtà ń wá, obìnrin ọlọ́ṣẹ ń wá, òórùn ọṣẹ á sì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ní ìsọ̀ kan, ẹ̀rọ kan, àti ìbéèrè tí kò mọ ẹni tí yóò bi, Màmá ni yóò bi.

Màmá kì í kàn fi ẹnu dáhùn ìbéèrè o. Kódà bó bá mọ ìdáhùn náà bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, yóò dìde, orúnkún rẹ̀ méjèèjì yóò ké, yóò mú oníbèéèrè lọ sídìí pẹpẹ, yóò yọ ìwé, yóò wá ojú ewé, yóò sì ní, "Ẹ fi ìka yín síbẹ̀ yẹn. Ẹ kà á sókè díẹ̀." Ó ní ohun tí wọ́n bá fi ẹnu lásán sọ fún èèyàn, orí títì ló máa ń já bọ́ sí.

Oníbúrẹ́dì kan wá bá a lọ́jọ́ kan pẹ̀lú omijé. Búrẹ́dì rẹ̀ ń bu lọ́jọ́ kẹta, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti ń sọ pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Màmá kò bá a wá ọ̀tá. Ó mú un lọ sídìí ìwé ìtọ́jú oúnjẹ, ó ní kó fi ìka síbẹ̀. Ìwé náà ní ẹni tó bá fi ọ̀rá di búrẹ́dì nígbà tó ṣì gbóná, omi ooru ara rẹ̀ ni yóò bà á jẹ́. Oníbúrẹ́dì ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé ojú sókè.

"Màmá, èmi gan-an ni ọ̀tá náà."

"Ẹ lọ jẹ́ kó máa tutù," ni Màmá wí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. "Ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà wà ńkọ́?" ni yóò wí, ohùn rẹ̀ yóò sì yí padà díẹ̀, bí ẹni pé ó rántí ẹnì kan.

Ó kúkú rántí ẹnì kan. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ìkàwé yẹn, ìgbálẹ̀ àti garawa ló gbé wọlé. Agbálẹ̀ ni, ìwé mẹ́fà ló kà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe bàtà nígbà náà. Bàtà tó ń ṣe, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò gbàgbé pé òun wọ bàtà. Tẹlẹ̀ Jẹ́jẹ́ ni ó sọ iṣẹ́ náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun pátákó rẹ̀ ní àwọ̀ pupa àti funfun. Àwọn aládùúgbò wá rí ẹ̀fẹ̀ ṣe. Wọ́n ní Tẹlẹ̀ Jẹ́jẹ́ ló lọ fẹ́ Ẹ-Rọra yìí, ọmọ tí wọ́n bá bí, ó di ọmọ ogún ọdún kó tó rìn.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkọ rẹ̀ wo ilé dáadáa kó tó sọ iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ, ibi tí kò wò ni ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ta ló sọ fún un pé ó wà? Ó ti lo orúkọ náà fún ọdún mọ́kànlá nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá kan lọ fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bíi tiwọn, tí lọ́yà wọn sì kọ lẹ́tà pé kó yọ pátákó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin náà yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó ń wá Tẹlẹ̀ Jẹ́jẹ́ kò rí i mọ́, wọ́n lọ ra tilé iṣẹ́ ńlá. Nígbà tó yá, ó lọ ń lẹ àtẹ́lẹ̀sẹ̀ bàtà nínú ìsọ̀ ẹlòmíì. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí ni pé kò súfèé mọ́ bó bá ń wẹ̀ láàárọ̀. Èyí dùn ún ju ẹkún lọ.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ń nu eruku ara àwọn ìwé ní yàrá ẹ̀yìn, ó ṣèèṣì ṣí ọ̀kan. Ó rọra fi ìka tọ ìlà, bí agbálẹ̀ tó ka ìwé mẹ́fà ṣe lè kà á. Ìwé náà ní ẹni tó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, kó yára fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹlòmíì tó fi í sílẹ̀. Ó sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó sọ iye owó rẹ̀, kò tó ti awọ bàtà kan. Màmá ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó rí òǹtẹ̀ ọjọ́ tí ìwé náà wọ ilé ìkàwé. Ọdún mẹ́rin ṣáájú lẹ́tà lọ́yà ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń nu eruku ara ohun tí ì bá gba ọkọ rẹ̀ là. Ó rìn láti ìdí pẹpẹ náà dé ibi tó máa ń gbé garawa rẹ̀ sí. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni. Ó dojú garawa dé, ó jókòó lé e.

Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó gbìyànjú lọ́jọ́ kejì, ó gbìyànjú lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Dípò bẹ́ẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìkàwé ìgbà náà, ó ní tábìlì kan péré ni òun fẹ́ ní yàrá yẹn, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lè máa wá jókòó. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó fún un ní èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Màmá lọ ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ó yege ìdánwò, ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ogún ọdún, tábìlì kan di méjì, ìwé kún ògiri. Bí wọ́n bá yìn ín pé ó fẹ́ràn ọmọlàkejì, ojú máa ń tì í. Ó mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni òun ń bẹ̀, ẹni tí òun sì ń bẹ̀ kò mọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì báyìí. Lójoojúmọ́ ni ó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un, ó ní oúnjẹ ìta kò dára fún orúnkún, kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè ohun tó kan orúnkún nínú oúnjẹ. Wọn á jẹun pọ̀ nídìí fèrèsé. Lẹ́yìn náà Màmá á gòkè lọ gba ìwé ìròyìn ọjọ́ náà, bàbá á jókòó de abọ́.

Àsìkò yìí ni wọ́n gbé ọ̀gá tuntun dé ilé ìkàwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò ju àbíkẹ́yìn Màmá lọ, ọmọlúàbí sì ni. Ó ń pe Màmá ní ẹ̀yin, Màmá náà ń pè é ní ẹ̀yin, nítorí náà bí wọ́n bá fẹ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan náà, ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pe Màmá sókè, ó fún un ní àga tirẹ̀.

"Màmá, oṣù mẹ́fà rèé tí a ti ń ka iye ìwé tí àwọn èèyàn ń lò ní yàrá kọ̀ọ̀kan," ó wí. "Tiyín jẹ́ mẹ́rin lóṣù kan, méjì lóṣù tó tẹ̀ lé e. Oṣù tó kọjá, ẹyọ kan. Ìgbìmọ̀ ní kí n kó àwọn ìwé yẹn lọ sí àjà, ká fi yàrá náà kó àga sí. Òpin oṣù tó ń bọ̀ ni."

"Ọ̀gá, ojoojúmọ́ ni èèyàn ń kún yàrá mi. Ẹ̀yin náà ń rí wọn."

"Mo ń rí wọn, Màmá. Ìgbìmọ̀ ní bóyá fáànù ni wọ́n ń bá wá."

Màmá kò bínú. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ronú nípa ẹnì kan tí kò mọ̀, tó ń kun pátákó rẹ̀ lọ́wọ́ níbì kan, tí inú rẹ̀ ń dùn, tí ìwé tó yẹ kó kà yóò sì wà nínú àjà lábẹ́ eruku.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá akọ̀wé tó ń ka iye ìwé náà. Obìnrin ni akọ̀wé yìí, kì í rẹ́rìn-ín àfi bó bá di ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Màmá rò pé orí èèyàn ló ń kà.

"Orí kẹ̀? Ìwé tí mo bá bá lórí tábìlì ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń kà," ni akọ̀wé wí. "Èyí tó bá wà lórí pẹpẹ, kò sẹ́ni tó lò ó nìyẹn."

Agogo mẹ́rin ni Màmá máa ń lọ sílé nítorí orúnkún. Lọ́jọ́ yẹn kò lọ, ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní mẹ́rin kọjá díẹ̀, télọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó dá a padà sí ibi tó ti mú un, ó tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè dọ́gba pẹ̀lú àwọn yòókù. Káfíńtà dá mẹ́ta padà. Ọlọ́ṣẹ dá tirẹ̀ padà, ó tún bá ẹni tó ti lọ dá tiẹ̀ padà, ó ń kùn pé wọn ò kọ́ onítọ̀hún nílé. Wọ́n ti àga bọ abẹ́ tábìlì. Nígbà tí akọ̀wé fi máa wọlé pẹ̀lú bírò rẹ̀, tábìlì méjèèjì mọ́ fónífóní. Ó wò ó, ó kọ òfo, ó jáde.

Màmá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di omi lójú rẹ̀. Ó sáré gòkè, bí orúnkún rẹ̀ ṣe lè sáré mọ, ó ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ọ̀gá náà kẹ́dùn. "Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò ní gba àlàyé, iye ìwé ni wọ́n máa gbà. Ẹ ṣì ní oṣù kan."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá dúró níwájú wọn. "Ẹ gbọ́ o. Ìwà rere yín ló fẹ́ ti ilẹ̀kùn yìí pa. Láti òní lọ, ẹni tó bá ka ìwé, kó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì."

Wọ́n wò ó bí ẹni pé ó ní kí wọ́n tutọ́ sílẹ̀.

"Màmá," ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, "kí n jẹun tán kí n wá fi abọ́ sílẹ̀ kí ẹ bá mi fọ̀ ọ́?"

"Ìwé kì í ṣe abọ́."

"Ta ló máa wá tò wọ́n padà?"

"Èmi ni."

"Pẹ̀lú orúnkún yín yìí." Ó mi orí. "Bí ìyá mi bá gbọ́ ńkọ́?"

Káfíńtà ní òun ní ọgbọ́n kan. Kí àwọn kàn máa yọ ìwé méjìlélógún kalẹ̀ láràárọ̀ kí akọ̀wé lè rí nǹkan kà. Ojú Màmá le. "Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀. Mi ò ní fi irọ́ di yàrá yìí mú."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le fún wọn. Télọ̀ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó dé ẹnu géètì, ó padà wá dá a sórí pẹpẹ, ó ní ọwọ́ òun kò gbà á. Àwọn mìíràn á fi ìwé sílẹ̀ tán, wọn á dúró nídìí fèrèsé lóde, wọn á máa wo Màmá bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tó ń dìde, bí ẹni tó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń ru ẹrù. Ọlọ́ṣẹ ló wá mú ojútùú wá. Wọn á fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò lọ sílé. Wọn á jókòó ti ìwé wọn títí di mẹ́rin ààbọ̀. Bí akọ̀wé bá ti kà á tán, tó gbé bírò sókè báyìí, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á dá ìwé wọn padà kí Màmá tó rí ààyè nara. Wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́. Kí oṣù tó ìdajì, akọ̀wé ti ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà, lẹ́yìn tí akọ̀wé ti kà, tí àwọn èèyàn ti to ìwé wọn, tí wọ́n ti lọ, ọ̀gá ránṣẹ́ pe Màmá sókè. Ó yí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ sí i kó lè rí i fúnra rẹ̀. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Kò sí yàrá kankan nínú ilé náà tó tó o.

"Yàrá yín ò lọ síbì kankan, Màmá," ni ọ̀gá wí. "Mo ti bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ tán."

Màmá dúpẹ́ títí ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ tábìlì. Ó di irin àtẹ̀gùn mú sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀, tó ní òun á dúró dè é lọ́jọ́ náà kí àwọn lè jọ lọ sílé. Ọkọ rẹ̀ wà nídìí fèrèsé. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ta ló gbàgbé ìwé síbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó gbàgbé ẹ̀. Èmi ni mo kà á."

Màmá sún mọ́ ọn. Ó mọ ìwé náà kó tó rí orúkọ rẹ̀, ó mọ igun rẹ̀ tó ti ya. Ó di àga mú.

"Bàbá wọn, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyẹn?"

"Ó ti pẹ́. Tó o bá gòkè lọ gba ìwé ìròyìn, mo máa ń mú un. Mo sì máa ń dá a padà kó o tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n kọ́ èmi náà nílé."

"Ẹ ti rí ojú ewé àkọ́kọ́?"

"Mo rí òǹtẹ̀. Mo rí ọdún tó wà níbẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀."

Màmá jókòó. Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sì tò ó. Ó ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni. Ó ní garawa òun wà lọ́hùn-ún, ìwé wà níbí, òun ń nù ún lọ́jọ́ọjọ́, òun ò ṣí i. Ó ní òun ni òun jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ náà. Ó ń sunkún, kò sì bo ojú rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mo bínú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i," ó wí. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo gbé abọ́, mo ní mò ń lọ, mi ò sì ní padà wá. Mo dé ẹnu ọ̀nà ni obìnrin kan wọlé, ó fẹ́ ṣí ìsọ̀ irun. O dìde, o mú un lọ sídìí ìwé yìí, o ní kó fi ìka síbẹ̀, kó forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ò ń bẹ̀ ẹ́ ni o. Ó yà á lẹ́nu pé kí ló kàn ẹ́ tó báyẹn. Mo dúró, mò ń wò ẹ́. Ìyá wọn, mo mọ̀ pé èmi lò ń sọ ọ́ fún."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti mọ̀?"

"Ìwọ náà ò sọ fún mi." Ó nawọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti le nu ojú ìyàwó rẹ̀. "Mo ti gba ẹ̀bẹ̀ náà tipẹ́. Mo kàn fẹ́ràn kí n máa wá wò ẹ́ bó o ṣe ń bẹ̀ mí ni."

Nígbà tó yá bàbá bojú wo ẹnu ọ̀nà.

"Akọ̀wé yẹn ti lọ ni? Wọ́n ní kéèyàn má dá a padà kí wọ́n tó kà á. Wọn ò tíì ka tèmi."

Màmá dìde lọ pe akọ̀wé, ó bá a níwájú géètì pẹ̀lú báàgì lápá. Akọ̀wé padà wá, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ẹyọ kan kún un. Ó béèrè, bó ṣe máa ń béèrè nígbà mìíràn, pé ta ló kà á.

"Ọkọ mi ni," ni Màmá wí.